Àgbéyẹ̀wò Ọkọ̀ Asáré Tí Mo Háyà fún Títì Etí Òkun Big Sur

Ẹni tó bá ń gbèrò láti háyà ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ asáré nítorí òpópónà Highway 1 ní ìpínlẹ̀ Kalifóníà, ní Amẹ́ríkà, ní láti kọ́kọ́ mọ̀ pé títì náà kò fàyè gba eré àsápajúdé. Láti Carmel dé San Simeon, ìyẹn agbègbè etí òkun tí wọ́n ń pè ní Big Sur, tó jẹ́ nǹkan bí 90 máìlì, ìlà kan ló ń lọ, ìlà kan ló ń bọ̀. Òkè dúró gbọnin ní apá kan, Òkun Pàsífíìkì wà nísàlẹ̀ ní apá kejì, kọ́ọ̀nà sì ń tẹ̀ lé kọ́ọ̀nà débi pé ṣàṣà ni ibi tí ènìyàn ti lè tẹ ọkọ̀ dáadáa. Òrùlé tó ń ṣí àti ìtọ́kọ̀ tó ń gbọ́ràn ni mo fi owó mi jẹ níbẹ̀, kì í ṣe agbára ẹ́ńjìnnì.

Ford Mustang olórùlé aṣọ ni mo gbà. Ohun tí wọ́n kọ sójú ìwé nígbà tí mo ń sanwó ni "Mustang tàbí irú rẹ̀", gbólóhùn yìí kò sì ṣeé fojú fò, nítorí pé ìpele ọkọ̀ ni iléeṣẹ́ náà ń ṣèlérí, kì í ṣe ọkọ̀ kan pàtó. Òṣìṣẹ́ tó dá mi lóhùn ń rọ̀ mí pé kí n fowó kún owó kí n lè gba èyí tó ní ẹ́ńjìnnì V8, ìyẹn onísílíńdà mẹ́jọ, ó sì tẹnu mọ́ ọn títí ọ̀rọ̀ náà fi fẹ́ sú mi. Onísílíńdà mẹ́rin ni mo gbé lọ, kò sì sí ibì kankan ní Big Sur tí mo ti rí i pé ó kù díẹ̀ káàtó. Àmọ́ iye tí wọ́n pè kọ́ ni iye tí mo san: wọ́n ka adójútòfò, wọ́n ka owó tí wọ́n dì mọ́lẹ̀ lórí káàdì mi, wọ́n tún ka àfikún nítorí pé ìlú mìíràn ni mo ti fẹ́ dá ọkọ̀ padà. Awakọ̀ tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 25 sábà máa ń san ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọwọ́ kan wà lókè dígí ìwòyìn tí ènìyàn á fi ọwọ́ yí láti tú òrùlé náà, lẹ́yìn èyí ni á wá tẹ bọ́tìnì mọ́lẹ̀ láìjáwọ́, aṣọ náà á sì ká ara rẹ̀ sẹ́yìn wẹ́rẹ́. Bó ṣe ṣí tán ni ariwo ìgbì òkun wọlé wá. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ tutù, àní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn pàápàá. Ẹ̀wù òtútù ni mo wọ̀, mo tan ìmóoru ọkọ̀ sí ẹsẹ̀, mo sì fi òrùlé sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹlòmíràn lè pè é ní àṣejù. Ìjókòó ẹ̀yìn kò gba àgbàlagbà, àpótí ńlá méjì kò sì wọ búùtù rẹ̀.

Ibi tí ènìyàn kọrí sí ṣe pàtàkì ju irú ọkọ̀ tó gbé lọ. Apá ọ̀tún ni wọ́n ń gbà wakọ̀ ní Amẹ́ríkà, nítorí náà ẹni tó ti Carmel kọrí sí gúúsù ló wà ní ẹ̀gbẹ́ òkun gan-an, kò sì ní láti dábùú títì kó tó yà síbi ìdúrówòran. Afárá Bixby, tí wọ́n ṣí ní 1932, tó sì ga tó nǹkan bí 79 mítà, ni èrò máa ń pọ̀ sí jù, ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ kò sì tó nǹkan. McWay Falls wù mí jù ú lọ: omi ń já láti orí àpáta sórí iyanrìn etí òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀. Láàárín ibi méjèèjì ni Mustang náà ti fakọ yọ, tí mo kàn ń yí ìtọ́kọ̀ díẹ̀ tí imú ọkọ̀ sì ń tẹ̀ lé e láìfì, àyàfi ìgbà tí mo bá bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ ńlá tí àwọn arìnrìn-àjò ń sùn sí. Òfin Kalifóníà ní kí awakọ̀ tó ń rọra lọ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọkọ̀ márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bá ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ rí.

Kùrukùru máa ń bo òkun lójú láti oṣù Kẹfà dé oṣù Kẹjọ, nítorí náà oṣù Kẹsàn-án tàbí oṣù Kẹwàá ló dára jù. Kí epo kún táǹkì láti Carmel, nítorí pé ilé epo kò pọ̀ lójú ọ̀nà, owó wọn sì wọ́n. Kí máàpù sì ti wà nínú fóònù, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí níbi púpọ̀.

Ohun tó lè ba gbogbo ètò jẹ́ ni òkè tó ń ya lulẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, òkè ya bo títì ní Mud Creek, ó sì di oṣù Keje ọdún 2018 kí wọ́n tó tún un ṣí. Mo bi iléeṣẹ́ tí mo háyà ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pé báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, wọ́n sì dá mi lóhùn pé ọkọ̀ ni àwọn ń háyà fúnni, kì í ṣe títì. Látìgbà náà, owó tó ṣeé gbà padà bí mo bá fagi lé ètò ni mo máa ń san, bó tilẹ̀ gbówó lórí díẹ̀, mo sì máa ń wo ìkéde Caltrans, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó títì náà, kí n tó gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.