Sáfà ilé tó ń kú lẹ́yìn àfikún ẹ̀yà: kí ni ká rà, kí ni ká fi sílẹ̀?

Sáfà tí ẹ ń kó fáìlì pamọ́ sí nílé ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa tẹ́lẹ̀. Ẹ fi RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) tuntun kún un, tàbí káàdì tó ń so dísíìkì mọ́ ọn, tàbí dísíìkì mẹ́rin sí i, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì. Ohun tó máa kọ́kọ́ wá sọ́kàn yín ni pé ọjà tí ẹ rà kò dára. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àwọn tí mo ti tú wò, ohun àtijọ́ tí ọjà tuntun di ẹrù lé lórí ló máa ń yẹ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi àwọn ọjà yìí wé ara wọn, kí ẹ má baà náwó sórí ohun tí kò ní wo àrùn náà sàn.

Ẹ kọ́kọ́ wo ìgbà tó ń kú. Bó bá jẹ́ nígbà tí dísíìkì ń bẹ̀rẹ̀ sí í yí, tàbí nígbà tí gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ pọ̀, iná ni kí ẹ fura sí. Bí kò bá ní àkókò kan pàtó, tí àṣìṣe tó ń kọ sílẹ̀ lónìí kò jọ tàná, ẹ yẹ RAM wò. Bí sáfà kò bá kú ṣùgbọ́n tí dísíìkì mẹ́rin tó wà lórí káàdì kan ṣoṣo pòórá pọ̀, káàdì náà ni kí ẹ yẹ̀ wò, ẹ má ra dísíìkì kankan. Dísíìkì mẹ́rin kì í bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kan náà.

Power supply (àpótí tó ń pín iná fún sáfà): èyí tó tóbi, àbí èyí tó dáńgájíá?

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí jù. Dísíìkì ńlá kan, nígbà tó bá ń gbéra láti yí, lè fa nǹkan bí amp 2 lórí iná 12V, ìyẹn nǹkan bíi wáàtì 24. Tó bá ti ń yí geere, ó lè máà ju wáàtì 5 sí 8 lọ. Ẹni tó bá fi wáàtì 8 ṣírò dísíìkì mẹ́jọ máa rò pé wáàtì 64 ti tó, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n máa béèrè fún láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ tí sáfà ń jí sún mọ́ 200, kí a tó ka CPU tó jẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà.

Síbẹ̀, bí wọ́n bá gbé power supply wáàtì 750 tí kò dáńgájíá àti wáàtì 550 tó lágbára síwájú mi, 550 ni màá gbé. Ẹ ka ìwé tó wà lára rẹ̀: amp mélòó ló lè gbé lórí 12V? Àmì 80 Plus kò dáhùn ìbéèrè yìí, torí bó ṣe ń fi iná ṣòfò tó nìkan ló ń wọ̀n.

Èyí tó burú ju power supply kékeré lọ ni wáyà tó ń pín ẹnu kan sí mẹ́rin. Sáfà tèmi máa ń kú ní òru Sátidé mọ́jú Àìkú nìkan, nígbà tí ZFS, ètò tó ń bójú tó àwọn dísíìkì, bá bẹ̀rẹ̀ scrub, ìyẹn àyẹ̀wò tó ń ka gbogbo dátà tó wà lórí wọn. RAM ni mo pààrọ̀, torí òun ni mo rà kẹ́yìn. Kò yí nǹkan kan padà. Ọjọ́ tí mo yọ wáyà yẹn ni mo tó rí i: ẹnu rẹ̀ kan ti pọ́n, ó ti dúdú létí, irin kan ti rì sínú ike tó yọ́, ó sì ń rùn. Díẹ̀ ló kù kí ilé jó. Bó bá di dandan kí ẹ ra wáyà Molex sí SATA (tó ń so ẹnu iná irú àtijọ́ mọ́ ti dísíìkì òde òní), ẹ yẹra fún èyí tí wọ́n da ike bo ẹnu rẹ̀ pátápátá. Ẹ mú èyí tí wọ́n tẹ irin rẹ̀ mọ́ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan. Power supply tí ẹnu rẹ̀ ti tó fún gbogbo dísíìkì dára ju méjèèjì lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wáyà power supply àtijọ́ sínú tuntun, kódà bó bá wọlé rẹ́gí. Ìlànà iná inú wọn kò bára mu láti ilé iṣẹ́ kan sí òmíràn. Ó lè jó gbogbo dísíìkì yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

RAM: ECC àbí èyí tí kò ní in?

ECC ni RAM tó ń ṣọ́ ara rẹ̀: ó máa ń tún àṣìṣe bit kan (ẹyọ dátà tó kéré jù) ṣe, ó sì máa ń figbe ta bó bá di méjì. Fún ibi tí àwòrán àwọn ọmọ àti ìwé ilé wà, òun ni mo yàn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ohun méjì. ECC tí wọ́n ń sọ pé ó wà nínú gbogbo DDR5, ìyẹn RAM ìran tuntun, kò kọjá inú chip fúnra rẹ̀, kò dáàbò bo ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ CPU. Ìkejì, RAM àlòkù láti inú sáfà ńlá, èyí tí wọ́n ń pè ní RDIMM, kò ní ṣiṣẹ́ lórí motherboard kọ̀ǹpútà ilé. UDIMM, irú ti kọ̀ǹpútà ilé, ni kí ẹ béèrè.

Ẹyọ méjì tó tóbi sàn ju mẹ́rin tó kéré lọ, pàápàá lórí DDR5, torí ẹyọ mẹ́rin máa ń ni CPU lára. Kí ẹ tó ra òmíràn rárá, ẹ lọ pa XMP tàbí EXPO (ètò tó ń mú RAM sáré) nínú BIOS, ojú ìwé ètò kọ̀ǹpútà kí ó tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí Memtest86+, tó ń dán RAM wò, ṣiṣẹ́ mọ́jú. Àṣìṣe kan ṣoṣo ti pọ̀ jù.

Káàdì dísíìkì

| | HBA (káàdì dísíìkì púpọ̀) àlòkù láti inú sáfà ńlá | Káàdì SATA kékeré |
|---|---|---|
| Dísíìkì tó ń gbà | 8 | 5 tàbí 6 |
| Ìgbóná | Ó pọ̀ | Ó kéré |
| Ohun tí ẹ máa béèrè | Ṣé IT mode (tó ń fi dísíìkì han sáfà lọ́kọ̀ọ̀kan) ló wà lórí rẹ̀? | Ṣé chip JMB585 tàbí ASM1166 ni? |

Wọ́n ṣe HBA bíi 9211-8i fún ibi tí fáànù ti ń pariwo. Nínú àpótí ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́, ó máa ń gbóná títí táá fi já dísíìkì sílẹ̀. Ẹ fi fáànù kékeré kan kọjú sí i. Fún dísíìkì mẹ́rin péré, káàdì kékeré ti tó, bí kò bá ti ní port multiplier (ohun tó ń pín ẹnu kan fún dísíìkì púpọ̀).

Dísíìkì: CMR ni, kò sí àríyànjiyàn

CMR àti SMR ni ọ̀nà méjì tí dísíìkì ń gbà kọ dátà. CMR kì í jẹ́ kí ìlà rẹ̀ gun ara wọn, SMR máa ń to ìlà rẹ̀ lé ara wọn bíi páànù òrùlé. Bó bá fẹ́ tún ọ̀kan kọ, ó ní láti tún àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kọ pẹ̀lú. Nígbà tí sáfà bá ń kún dísíìkì tuntun, ó lè pẹ́ títí débi pé ZFS á rò pé ó ti kú. Ní 2020, Western Digital sọ ọ́ síta pé SMR wà nínú àwọn WD Red kan láti 2TB sí 6TB. Red Plus wọn, CMR ni.

Bí dísíìkì tuntun kò bá yí rárá, ó lè jẹ́ pé power supply àtijọ́ yín ń gbé 3.3V sí pin kẹta, èyí tí àwọn dísíìkì tuntun kan kà sí àṣẹ pé kí wọ́n sùn. Ẹ má tíì dá a padà. Bó bá sì ń yí ṣùgbọ́n tó ń ṣe ségesège, ẹ wo nọ́ńbà 199 nínú SMART rẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ ìlera dísíìkì; nọ́ńbà yìí ń ka àṣìṣe tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà wáyà. Nọ́ńbà yẹn kì í wálẹ̀ láéláé, nítorí náà ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ wáyà SATA, ẹ ṣe scrub kan, kí ẹ tún un wò. Bó bá dúró síbi tó wà, wáyà náà ni.