Asà fún sátẹ́láìtì kékeré: alumíníọ̀mù, aṣọ Nextel àbí sẹ̀rámíìkì oníhò, èwo ni kí ẹ rà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìkòròdú tí ẹ ń gbèrò iṣẹ́ àkànṣe lórí sátẹ́láìtì, pàápàá ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ LASUSTECH, kí ẹ tó kó owó sílẹ̀, ẹ fi rúlà wọn àyè tí ẹ ní. "Èwo ló le jù?" ni ọ̀pọ̀ máa ń bi ọlọ́jà. Líle nìkan kọ́ ló ń gbani níbẹ̀. Pàǹtírí tó ń yí ayé po nítòsí ń sáré kìlómítà 7 sí 8 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bí òun àti sátẹ́láìtì tàbí ọkọ̀ òfurufú bá sì pàdé, eré ìkọlù wọn lè tó kìlómítà 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Iṣẹ́ asà ni láti fọ́ ohun tó ń bọ̀ sí wẹ́wẹ́, kó sì tan agbára rẹ̀ ká kó tó kan ara ọkọ̀.

Àwo alumíníọ̀mù méjì

Fred Whipple, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló dá àbá yìí ní 1947: àwo fẹ́lẹ́ níwájú, àlàfo, kí ògiri gangan tó kàn. Ohun tó bá lu àwo iwájú á fọ́, á fọ́nká nínú àlàfo, ògiri ẹ̀yìn á wá gba ìyókù. Òun ló rọrùn jù láti rà àti láti gé. Ṣùgbọ́n àlàfo yẹn ló ń ṣe iṣẹ́. Tí kò bá sí i, owó yín ṣòfò.

Aṣọ Nextel àti Kevlar

Okùn sẹ̀rámíìkì ni 3M fi ń hun Nextel. Kevlar ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀wù tí ọta ìbọn kì í tètè wọ̀. Wọ́n to méjèèjì sáàárín àwo alumíníọ̀mù lára ibùdó òfurufú àgbáyé, ISS. Fún ọkọ̀ tí èèyàn wà nínú rẹ̀, èmi ò rí èyí tó dà bíi rẹ̀. Àmọ́ asà yàrá ìwádìí Destiny níbẹ̀ nípọn tó nǹkan bíi sẹ̀ntímítà 11, sátẹ́láìtì 1U (ìwọ̀n ẹyọ kan fún sátẹ́láìtì kékeré) sì jẹ́ sẹ̀ntímítà 10 péré ní ìbú àti òòró. Bẹ́ẹ̀ ni NigeriaEduSat-1 ti FUTA, Àkúrẹ́, tí wọ́n tú sílẹ̀ láti ISS ní 2017, ṣe rí. Ẹ fi asà aṣọ yìí sílẹ̀.

Sẹ̀rámíìkì oníhò

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Èyí tí wọ́n fi silicon carbide tàbí alumina ṣe, afẹ́fẹ́ ló jẹ́ nǹkan bí ìdá 80 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Pàǹtírí tó bá wọ inú rẹ̀ á lu ògiri tín-ín-rín kan, á tún lu òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni á máa fọ́ sí i. Sẹ̀rámíìkì náà á rún, rírún yẹn sì ń gba agbára lọ́wọ́ ìkọlù. Ó ń ṣe díẹ̀ nínú iṣẹ́ àlàfo láàárín ìwọ̀nba sẹ̀ntímítà, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ fún ohun kékeré.

Àléébù rẹ̀ ni pé ó tètè ń fọ́. Gbígbọ̀n rọ́kẹ́ẹ̀tì nìkan lè là á, èérún rẹ̀ á sì di pàǹtírí tuntun. Ẹ má lò ó níhòhò láé: àwo alumíníọ̀mù fẹ́lẹ́ níwájú, òmíràn lẹ́yìn.

Ẹ̀yà rẹ̀ wà lọ́jà gẹ́gẹ́ bí asẹ́ irin yíyọ́, nítorí náà ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta èèlò ìyọ́rin ni kí ẹ ti béèrè, irú àwọn tó ń bá iléeṣẹ́ agbègbè Òdogúnyàn ṣòwò. Ẹ óo rí 10, 20 tàbí 30 ppi lára rẹ̀: iye ihò tó wà nínú íǹṣì kan nìyẹn, bí nọ́ńbà bá ṣe kéré ni ihò ń tóbi. Ẹ gbé e sókè, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ kò bá là á já láàárín, ihò ti dí. Ẹ fi àtàǹpàkò ra etí rẹ̀ lórí bébà funfun. Èyí tó bá ń wọ́n èérún púpọ̀, ẹ dá a padà. Irú èyí dára fún ìdánwò orí ilẹ̀. Ti òfurufú gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí.

Ẹ ṣọ́ra fún tàílì ìdènà ooru tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara Space Shuttle, ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà àtijọ́. Oníhò ni lóòótọ́, ooru ni wọ́n ṣe é fún.

Tí ẹ bá fẹ́ gbọ́ tèmi, sẹ̀rámíìkì oníhò láàárín àwo alumíníọ̀mù méjì ni kí ẹ rà fún 1U. Kò ní dá ohun tó tó sẹ̀ntímítà kan dúró. Hóró kéékèèké ló ń dènà. Ẹ ra èyí tó lé díẹ̀ látinú páálí kan náà, kí ẹ gbé e lé ẹsẹ̀ yín nínú bọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí kọ̀ńdọ́ tì í sábẹ́ àga.