Bọ́ọ̀dù eré ogun tí kì í ṣe onígun mẹ́rin: àgbéyẹ̀wò mi lórí iṣẹ́ àwọn agégi oníléésà

Bí ẹ bá ń ṣe eré ogun orí tábìlì, irú èyí tí ẹnì kọ̀ọ̀kan ń fi ère ọmọ ogun bíi mẹ́wàá péré jà, ẹ ti mọ bí bọ́ọ̀dù rẹ̀ ṣe máa ń rí. Frostgrave, eré tí oṣó kọ̀ọ̀kan ti ń kó ọmọ ogun rẹ̀ lọ wá ìṣúra, ń lo ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 3. Infinity ń lo 4 sí 4. Kill Team ti 2021 àti Warcry ń lo íǹṣì 30 sí 22. Onígun mẹ́rin ni gbogbo wọn. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, àmọ́ tó bá ti pẹ́ tí ẹ̀yin àtàwọn èèyàn kan náà ti ń ṣeré pọ̀, kí tafàtafà tó dé orí bọ́ọ̀dù lẹ ti máa mọ igun tó fẹ́ lọ ba sí. Bọ́ọ̀dù tí ìrísí rẹ̀ á máa da ètò èèyàn rú ni mo ń wá.

Nottingham nílẹ̀ England ni mò ń gbé, ìlú tí Games Workshop, ilé iṣẹ́ tó ṣe Kill Team àti Warcry, fi ṣe ibùjókòó, torí náà ẹni tó ń ṣe nǹkan eré ogun kò wọ́n ládùúgbò wa. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń fi léésà gé MDF (pákó tí wọ́n fi igi lílọ̀ àti gúlù tẹ̀ pọ̀) ni mo gbé iṣẹ́ mi fún. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí irú wọn pọ̀, ohun tí mo fẹ́ sọ sì kan ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí jáde, ibi yòówù kó wà.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é kò le. Ẹ ó ya bọ́ọ̀dù yín lórí kọ̀ǹpútà (Inkscape ni mò ń lò, ọ̀fẹ́ ni), ẹ ó sì fi fáìlì SVG tàbí DXF ránṣẹ́ sí wọn. Lọ́dọ̀ tiwọn, ìlà pupa ni léésà máa gé já, ìlà búlúù ló máa kàn ha lórí. Mo fi búlúù ha àmì sí íǹṣì 6-6 káàkiri pákó náà, torí íǹṣì 6 ni ọ̀pọ̀ ọmọ ogun Frostgrave ń rìn lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n bá sì tún rìn lẹ́ẹ̀kejì nínú ipò kan náà (ìyẹn ìgbà kan náà tó kàn wọ́n), ìdajì rẹ̀ ni, ìyẹn íǹṣì 9 lápapọ̀. Ó wúlò gan-an: ẹ ó kàn wo ilẹ̀ ni, ẹ ò ní máa na téèpù káàkiri.

Wọ́n ṣe ohun kan tó jẹ́ kí n fọkàn tán wọn. Kí wọ́n tó gé ohunkóhun, wọ́n ní kí n ya ìlà kan tó gùn ní 100 mílímítà gẹ́lẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwòrán mi. Àwọn sọ́fítíwia ò fẹnu kò lórí iye píksẹ́lì tó wà nínú íǹṣì kan tí wọ́n bá ń ka SVG. Inkscape òde òní ń lo 96, ti àtijọ́ ṣáájú 2017 ń lo 90, àwọn míì sì wà tí wọ́n ń lo 72. Ohun tí ẹ yà sí íǹṣì 18 pẹ̀lú 96 á di íǹṣì 24 lọ́dọ̀ ẹ̀rọ tó bá kà á sí 72, pákó tí ẹ sanwó rẹ̀ á sì bàjẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ gé ìlà yẹn sára àjákù pákó, wọ́n fi rúlà wọ̀n ọ́n, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ má ṣe gbéṣẹ́ fún ẹni tí kò bá lè ṣe ìyẹn fún yín.

Ibùsùn ẹ̀rọ wọn kò ju mílímítà 600 sí 400 lọ, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù ti ń dùn mọ́ mi. Íǹṣì 18 jẹ́ mílímítà 457, nítorí náà onígun mẹ́rin tó jẹ́ íǹṣì 18 níhà gbogbo kò lè wọ ẹ̀rọ náà láìjẹ́ pé wọ́n là á sí méjì. Ṣùgbọ́n onígun mẹ́ta tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ íǹṣì 18, gíga rẹ̀ kò ju íǹṣì 15.6 lọ, ìyẹn bíi mílímítà 396. Ó wọlé gẹ́gẹ́. Ẹ to mẹ́fà irú rẹ̀ kí orí wọn pàdé láàárín, onígun mẹ́fà ti dé nìyẹn.

Ètè tó yọ síta kò ṣeé lò fún ìsopọ̀, torí kò ku àyè kankan lórí ẹ̀rọ. Ihò ni mo yà sí etí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ihò tó fẹ̀ nínú, tó sì há lẹ́nu. Bí ẹyọ méjì bá fẹnu kanra, ihò méjèèjì á di ọ̀kan, a ó sì fi èèkàn kékeré tó bá a mu kàn án pọ̀. Léésà máa ń jẹ nǹkan bíi ìdámẹ́wàá sí ìdámárùn-ún mílímítà kan nínú pákó, torí náà mo ní kí wọ́n gé èèkàn náà kó fi díẹ̀ tóbi ju ihò lọ. Ó há dáadáa. Bí mo bá gbé ẹyọ méjì sókè pọ̀, wọn kì í yà.

Bọ́ọ̀dù tó ní apá méjì bíi lẹ́tà L ni mo kọ́kọ́ gbà lọ́wọ́ wọn, onígun mẹ́rin íǹṣì 18 mẹ́ta, tí wọ́n là sí méjì-méjì. Ẹ fara balẹ̀ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Bọ́ọ̀dù ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 3 ní àyè 9 níbùú lóròó, etí rẹ̀ yípo sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12. Bí ẹ bá gé igun kan kúrò, àyè á dín kù sí 6.75, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ á ṣì jẹ́ 12. Kò yí padà rárá. Nínú Frostgrave, bí àwa ṣe ń ṣe é, ẹni tó bá gbé ìṣúra lè gba etí èyíkéyìí jáde, ìṣúra náà sì di tiẹ̀. Ilẹ̀ ti dín kù, ẹnu ọ̀nà ò dín, eré yẹn á yára bí iná ọyẹ́. Nígbà tó yá, a fòfin dè é pé kò sẹ́ni tó lè gba etí inú jáde, torí ọ̀gbun ló wà níbẹ̀. Látìgbà yẹn ni bọ́ọ̀dù náà ti di ohun tí mo fẹ́.

Ọ̀gbun yẹn tún gbé ìbéèrè míì dìde. Àbúrò ìyàwó mi fi tafàtafà rẹ̀ sí ṣóńṣó apá kan, èmi wà ní ṣóńṣó kejì, àwa méjèèjì wà létí inú. Ó wojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè ta ọfà gba orí ibi tí kò sí bọ́ọ̀dù?"

"Ta á. Afẹ́fẹ́ ṣáà ni."

Ó wọ̀n ọ́n. Íǹṣì 25 àti ààbọ̀ ni, ọfà kò sì kọjá 24. Bí a bá ní ká fẹsẹ̀ rìn débẹ̀, íǹṣì 36 ni, torí a gbọ́dọ̀ yí igun inú po. Nígbà tó tún kàn án, ó sún síwájú íǹṣì 3 péré, ó ti rí mi ta. Ọmọ ogun mi tó sún mọ́ ọn jù lọ ṣì nílò ipò mẹ́rin kó tó lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ohun tí mo ń wá gan-an nìyẹn: ibi tí ojú lè dé tí ẹsẹ̀ ò lè dé. Ẹni tó bá ta ayò rí mọ̀ pé ihò 12 inú ọpọ́n wà lára òfin eré. Bọ́ọ̀dù yìí náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kí ibi tí ẹ gé kúrò dí ojú, ẹ sọ pé òkè ni tàbí ilé ńlá, kí ẹ sì sọ ọ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Onígun mẹ́fà ló wá borí gbogbo wọn. Èèyàn mẹ́ta la fi ṣe é, kálukú mú ẹ̀gbẹ́ kan, a sì fi ẹ̀gbẹ́ kan sílẹ̀ láàárín ẹni kan sí èkejì. Láti àárín ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí àárín bọ́ọ̀dù, íǹṣì 15.6 ni fún gbogbo wa, ipò kejì la máa débẹ̀. Lórí onígun mẹ́rin, nínú èèyàn mẹ́ta, ẹnì kan á ṣáà há sáàárín àwọn méjì tó kù, kò sì ní dùn mọ́ ọn. Etí bọ́ọ̀dù yìí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 9 lọ, torí náà gbígbé ìṣúra sá kì í yá, ìjà àárín a máa le.

Mo gbìyànjú bọ́ọ̀dù tóóró náà, íǹṣì 72 sí 18. Àyè rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti 3 sí 3, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 15. Bí ẹ bá to ọmọ ogun sí ṣóńṣó méjèèjì, ìrìn lásán ló máa gba ìdajì eré. Ẹ fi sílẹ̀, àfi tí ẹnì kan bá ń lé ẹnì kejì. Olóbìírípo tó ní ihò láàárín ńkọ́? Ó rẹwà lójú, àmọ́ kálukú ń bá ara wọn yípo ṣáá ni. Mi ò ní gé e mọ́.

Ní ti pákó fúnra rẹ̀, mílímítà 3 ni mo gbà, ó sì tẹ̀. Ẹ̀bi léésà kọ́. MDF ń mu omi. Bí ẹ bá fi gúlù funfun tí ẹ pò mọ́ omi lẹ iyanrìn sí ojú kan ṣoṣo, ojú yẹn á fà, pákó á ká. Ẹ kun ojú méjèèjì àti gbogbo etí, kódà tí ìsàlẹ̀ ò bá hàn síta. Etí tí léésà gé máa ń dúdú, ó ń rùn bí èéfín, ó sì ń ta sí ọwọ́. Aṣọ tútù díẹ̀ àti bébà oníyanrìn ló ń mú un kúrò. Ohun tí inú mi ò dùn sí ni bí wọ́n ṣe dì í. Wọ́n to ẹyọ mẹ́fà náà sínú páálí tẹ́ẹ́rẹ́ láìfi nǹkan kan tì wọ́n, ṣóńṣó méjì ti rún nígbà tó dé. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n tún òmíràn gé láìgba kọ́bọ̀, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé ṣóńṣó onígun mẹ́ta ló ń kọ́kọ́ fara gbá nǹkan.

Àwọn kan á ní kí n lo fọ́ọ̀mù líle tí wọ́n ń pè ní XPS, kí n fi wáyà gbígbóná gé e nílé. Ó dára fún òkè àti ògiri, ó fúyẹ́, owó rẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí fèrèsé tí ẹ bá ń gé e, ẹ má sì fi ọ̀dà agolo fín in, á yọ́ mọ́ yín lójú. Fún ìsàlẹ̀ tí a ó máa tú, tí a ó máa tò, etí rẹ̀ ń jẹ kíákíá. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara mọ́ MDF.

Ẹni tó bá fẹ́ onígun mẹ́rin nìkan, kó ra mátì rọ́bà, kó gbàgbé iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe àrà, kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú onígun mẹ́ta mẹ́fà. Mẹ́rin nínú wọn á fún yín ní onígun mẹ́ta ńlá oníǹṣì 36. Bí ẹ bá fi mẹ́ta kún mẹ́fà, tí ẹ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ onígun mẹ́fà, ẹ mú ọ̀kan ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀, ó di onígun mẹ́ta oníǹṣì 54. Èmi ti ní kí wọ́n gé mẹ́fà sí i, mílímítà 6 lọ́tẹ̀ yìí, kí a lè fi 12 to ìràwọ̀ elẹ́nu mẹ́fà. Láti ṣóńṣó kan sí èyí tó tẹ̀ lé e, íǹṣì 31 ni, ọfà ò lè dé ibẹ̀ nígbà tí eré bá bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tí kálukú máa gbà wọ àárín kò sì fẹ̀ ju íǹṣì 18 lọ. Oṣó tó bá kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn lè há a mọ́ ibẹ̀.