Ọ̀sẹ̀ Méjìlá Lábẹ́ Olùkọ́ Gbígbé Irin Lórí WhatsApp

Kí n tó san ₦90,000 fún ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀sẹ̀ 12 yìí, ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń dá gbé irin ní jíìmù kan n'Ìbàdàn, snatch mi (gbígbé irin láti ilẹ̀ dé òkè orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdúró léjìká) sì ti há sórí kílò 60 fún oṣù mẹ́jọ gbáko. Èkó ni olùkọ́ náà ń gbé. Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, yóò fi iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Èmi yóò gbé irin lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọ̀sẹ̀, n ó ya fídíò rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, òun yóò sì fi ohùn dá mi lóhùn. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí mo ní ẹ̀sùn kan tí n ó sọ nísàlẹ̀.

Ojú tí ó fi ń wo irin ni mo kọ́kọ́ gbóríyìn fún. Èrò tèmi ni pé apá mi ni kò lágbára tó. Ó dá fídíò àkọ́kọ́ tí mo fi ránṣẹ́ dúró níbi tí ọ̀pá ti ń kọjá orúnkún, ó fa ìlà pupa kan sí i, ó ní: "Àbúrò, wo àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá àti itan rẹ. Irin ti sá fún ọ kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í fà á." Àlàfo náà fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a fi tún un ṣe pẹ̀lú irin tí kò ju kílò 45 lọ, inú sì bí mi gidigidi, nítorí ó dà bí ẹni pé mo ń padà sẹ́yìn lójú àwọn tí a jọ ń lo jíìmù. Ó tún kọ́ mi láti fi ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín tẹ àtàǹpàkò mọ́ ara ọ̀pá. Ó dùn mí fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni ọ̀pá kò yọ̀ lọ́wọ́ mi mọ́.

Nígbà tí mo ṣì ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ apá, ó ní kí n lọ wo Adijat Olarinoye, ẹni tó gba góòlù ní ìdíje Commonwealth ní Birmingham lọ́dún 2022, ní ìpele kílò 55: 92 ní snatch, 111 ní clean and jerk (gbígbé irin dé èjìká ná, kí a tó tì í sókè orí), 203 lápapọ̀. Ẹni tí kò wúwo ju kílò 55 lọ ló gbé 111 sókè orí. Ẹsẹ̀ ló ń ti ilẹ̀, ìbàdí ló ń ta irin sókè, ẹni tó ń gbé e sì gbọ́dọ̀ ti bọ́ sábẹ́ rẹ̀ kí irin tó pinnu àtibọ́ sílẹ̀.

Ní ti ìsinmi, àràárọ̀ ni mo ń fún oorun àti ara mi ní máàkì láti 1 dé 10; bí máàkì náà bá ti lọ sílẹ̀ dé 4, olùkọ́ mi ń dín iṣẹ́ ọjọ́ náà kù. Ètò rẹ̀ béèrè oorun wákàtí 8. Mo ṣàlàyé fún un pé a kì í sábà ní iná lóru ládùúgbò wa, ooru kì í sì í jẹ́ kí n sùn, ó sì gbé squat (lílóṣòó àti dídìde pẹ̀lú irin léjìká) tó wúwo jù sí àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí n lè fi ọ̀sán sùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin àti ìkẹjọ, ó gé iṣẹ́ sí ìdajì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún méjì, mo gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì láìsí pé orúnkún ń ro mí.

Òfin rẹ̀ lórí ọkàn le jù gbogbo rẹ̀ lọ: irin tí o bá pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, yọ kílò 5 kúrò, gbé e dáadáa lẹ́ẹ̀kan, kí o máa lọ sílé. Ìgbìyànjú mẹ́ta péré ni wọ́n ń fún ènìyàn lórí snatch nínú ìdíje, ẹni tó bá sì ń pàdánù lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nílé, pípàdánù ni ó ń kọ́ ara rẹ̀. Akíkanjú ni mo ti ń pe agídí mi tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀sùn mi nìyí. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí, mo ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́bọ̀ ni ó tó fèsì. Mo ti tẹ̀ lé ìwé iṣẹ́ lọ láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, mo sì fi ọjọ́ mẹ́sàn-án tí n kò lè gbé ohunkóhun sókè orí san án. Ó tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n ẹni tó gba owó ọ̀sẹ̀ 12 ṣáájú gbọ́dọ̀ máa fèsì lórí ìrora lọ́jọ́ náà gan-an.

Ní ọ̀sẹ̀ ìkẹyìn, mo gbé kílò 67. Mo kó àwo pupa kílò 25 kan sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀pá, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ kílò 20, kí ó lè jẹ́ 70. Ó bọ́ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Mo yọ kílò 5, mo gbé 65, mo nu ẹfun ọwọ́ mi, mo sì lọ sílé.

Ẹni tí kò tíì gbé irin rí kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí; kí ó wá olùkọ́ tí yóò dúró tì í. Fún ẹni tó ti mọ ìpìlẹ̀, owó náà kò ṣòfò. Mo ti sanwó ọ̀sẹ̀ 12 mìíràn, lẹ́yìn tí ó gbà pé òun yóò máa fèsì sí ọ̀rọ̀ ìrora kí ilẹ̀ tó ṣú.