Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀pẹ̀pẹ̀ ayédèrú: ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ ra igi àgọ́

Ẹ̀yin ará Èkó tí ẹ fẹ́ fi igi kan àgọ́, bóyá fún ìsọ̀ ni tàbí fún iwájú ilé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó sanwó.

Ní Bàrígà níbí ni mo ti kan àgọ́ fún ìyá mi tó ń din àkàrà. Òpó mẹ́rin ló gbé e ró, tú-bàì-fọ́ọ̀, ìyẹn igi ínṣì 2 sí 4, la tẹ́ sókè tí pánù jókòó lé. Mo sọ fún onípákó kan pé ọ̀pẹ̀pẹ̀ ni mo fẹ́, nítorí ikán kì í tètè mú un. Ó kó igi jáde, gbogbo rẹ̀ pọ́n bí ọsàn. Wọ́n ti fi ọ̀dà kun ẹnu igi náà pátá. Mo bi í léèrè, ó ní kó má baà là ni. Òótọ́ sì ni pé àwọn onígẹdú a máa kùn ún nítorí ìyẹn, ni mo bá gbà á gbọ́.

Òjò kejì tó rọ̀, omi pípọ́n ń ṣàn lára òpó. Bàbá káfíńtà kan tó ti pẹ́ ní Òkobàbá fi ayùn gé orí òpó kan, ó wò ó, ó ní, "Arère nìyí, ọmọ mi. Aró ni wọ́n fi pa á." Arère wúlò nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rì í mọ́lẹ̀, ikán ló gbé oúnjẹ fún. Kó tó di oṣù kẹta, wọ́n ti wọ ìdí òpó méjì.

Ti ìwọ̀n ló dùn mí jù. Tú-bàì-fọ́ọ̀ tó tà fún mi, ínṣì 1½ sí 3 ni. Nígbà tí mo padà lọ bá a, ó ní bí ti òyìnbó ṣe rí nìyẹn. Ẹ má gbà o. Ti Amẹ́ríkà jẹ́ 1½ sí 3½ nítorí pé wọ́n ti fá a dán. Tiwa tí wọ́n kàn là, tí wọn ò fá, kò yẹ kó dín tó bẹ́ẹ̀. Igi 1½ sí 3 kò lè gbé tó ìdajì ẹrù tí 2 sí 4 lè gbé. Abájọ tí òrùlé wa fi tẹ̀ láàárín, bẹ́ẹ̀ abẹ́ rẹ̀ làwọn ọmọ iléèwé ti ń dúró ra àkàrà láràárọ̀. Mi ò sùn dáadáa títí a fi tú u palẹ̀.

Ẹ mú tépù dání. Ẹ wọn igi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan àwọn tó wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì wọn gígùn rẹ̀: ẹsẹ̀ 12 ni wọ́n pè é fún mi, 11 ni mo bá. Ẹ ní kí wọ́n gé ínṣì méjì kúrò lẹ́nu igi lójú yín. Etí ọ̀pẹ̀pẹ̀ gidi lè funfun díẹ̀, àárín rẹ̀ ni kí ẹ wò. Aró kì í dé ibẹ̀. Ẹ gbé e wò pẹ̀lú: tí méjèèjì bá ti gbẹ, ìwúwo arère kò ju bí ìdajì ti ọ̀pẹ̀pẹ̀ lọ. Onípákó tó bá ní òun ò ní gé e, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ rí i pé ó kọ orúkọ igi àti ìwọ̀n rẹ̀ sórí rìsíìtì. "Igi òpó 4" ló kọ sórí tèmi, ohun tó sì rọ̀ mọ́ nìyẹn nígbà tí mo ní kó dá owó mi padà. Kò tíì dá a padà.

Ẹni tó bá fẹ́ ra igi ní Bàrígà tàbí Ṣómólú lọ́sẹ̀ yìí, kó bá mi sọ̀rọ̀. Mo ní tépù, mo ní ayùn, màá bá a dé ibẹ̀.