Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Tòkunbọ̀ Tí Mo Rà ní Ìlọrin

Mo ti lo kẹ̀kẹ́ ọmọ tòkunbọ̀ tí mo rà ní àdúgbò Táíwò fún oṣù márùn-ún gbáko kí n tó kọ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ohun tí a ó máa gbé ọmọ tuntun sí kò yẹ ní yíyìn lọ́jọ́ tí a rà á. Iṣẹ́ abẹ ni mo fi bímọ, n kò sì lè bẹ̀rẹ̀ kí n pọn ọmọ nígbà tí ojú ọgbẹ́ kò tíì jinná. Ìyá ọkọ mi kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn, ẹ̀yìn ìyá ni wọ́n mọ̀ sí àyè ọmọ, ṣùgbọ́n wọ́n rí bí mo ṣe ń di ikùn mú kí n tó lè dìde.

Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni mo wọ̀. Tuntun tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú mi rẹwà púpọ̀, ₦165,000 sì ni wọ́n pè é, àmọ́ táyà rẹ̀ kéré, ike líle sì ni. Irú táyà bẹ́ẹ̀ dára fún ilẹ̀ táìlì. Ní Táńkẹ̀ níbi tí à ń gbé, òkúta àti kòtò ni yóò máa dá a dúró, gbogbo gbígbọ̀n rẹ̀ yóò sì máa dé ara ọmọ. Òmíràn kò wọ́n, ṣùgbọ́n ìjókòó nìkan ni ó ṣeé ṣe nínú rẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn òbí kíyè sí jù lọ: ọrùn ọmọ tuntun kò tíì le, bí a bá gbé e jókòó, orí rẹ̀ lè tẹ̀ síwájú kí àgbọ̀n rẹ̀ sì kan àyà, ọ̀nà tí ó fi ń mí yóò sì fún. Kẹ̀kẹ́ tí ọmọ yóò lò láti ìgbà tí wọ́n bí i gbọ́dọ̀ ṣeé tẹ́ gbalaja. Oníjòkòó lè dúró di nǹkan bí oṣù mẹ́fà, nígbà tí ọmọ bá ti ń dá jókòó.

₦48,000 ni mo ra tèmi lẹ́yìn tí mo ná an dáadáa. Kí n tó sanwó, mo gbé àpò ìrẹsì tí ó wúwo tó ọmọ sínú rẹ̀, mo tẹ bíréèkì, mo sì tì í wò lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù; kò yẹ̀. Táyà rẹ̀ tóbi, bẹ́líìtì rẹ̀ sì di ọmọ mú ní èjìká méjèèjì, ní ìbàdí àti láàárín ẹsẹ̀. Ìdè kan ti ń já, télọ̀ ni ó bá mi rán an.

Ó ní àléébù. Ó wúwo, gbígbé e wọ Márúwá fúnra mi kò rọrùn rárá, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣeé tì láàárín èrò ọjà Ìpàtà, ọ̀já ni mo ń lò níbẹ̀ báyìí tí ara mi ti yá. Mo fi báàgì kọ́ ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, bí mo ṣe gbé ọmọ kúrò ni ó dà sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, abẹ́ rẹ̀ ni ẹrù ń wà. Bí oòrùn bá mú, ìbòrí rẹ̀ nìkan ni mo ń fà síwájú, n kì í da aṣọ bò ó, nítorí ooru yóò há mọ́ ọmọ nínú.

Bí oníṣọ́ọ̀bù kò bá jẹ́ kí ẹ ká kẹ̀kẹ́ náà kí ẹ sì tún un nà níṣojú rẹ̀, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn.