Ẹrù òkè òkun sí Èkìtì: kúríà, ìfìwéránṣẹ́, àbí aṣojú?

Ẹni tó fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́ sílé láti Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà ní ọ̀nà mẹ́ta: kúríà olówó ńlá, ilé ìfìwéránṣẹ́, àti àwọn aṣojú tó ń kó ẹrù ọ̀pọ̀ èèyàn pọ̀ sínú kọ̀ńténà kan. Iye tí wọ́n bá dá lé e lọ́hùn-ún kọ́ la fi díwọ̀n wọn níbí. Gbogbo owó tó bá jáde títí ẹrù fi wọ ilé ìyá ní Ìkọ̀lé tàbí Òmùò la kà. Èkó ni ọ̀pọ̀ ìdíyelé ń parí sí, Èkó kì í sì í ṣe Èkìtì.

Kúríà ló yá jù. Fún ìwé ẹ̀rí ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ìwé ìrìnnà, kò sí èyí tó tó o. Páálí ńlá ni kò bá a mu, torí àyè tí páálí gbà ni wọ́n ń gbowó lé bí ó bá ju kíló rẹ̀ lọ. Wọ́n á wọn gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà, wọ́n á sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ ara wọn, wọ́n á sì fi 5000 pín in. Páálí 60 sí 50 sí 40 yóò di kíló 24. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ ò bá ju kíló 11 lọ, owó kíló 24 náà lẹ máa san. Ẹ fi ọ̀bẹ gé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin páálí yẹn wálẹ̀ kí gíga rẹ̀ di 25, kẹ́ ẹ tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́ ẹrù: ó ti di kíló 15 nìyẹn.

Ilé ìfìwéránṣẹ́ dára fún ẹrù kékeré tí kò kánjú. Àmì 13 ló wà nínú nọ́ńbà tí ẹ ó fi máa tọ ipasẹ̀ ẹrù: lẹ́tà méjì, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, lẹ́tà méjì orílẹ̀-èdè tó ti wá, bíi GB tàbí US. Bí lẹ́tà àkọ́kọ́ bá jẹ́ E, EMS ni, ìyẹn ìfìwéránṣẹ́ tó yá. Bó bá jẹ́ C, páálí lásán ni. Ẹ fi nọ́ńbà náà ránṣẹ́ sí ẹni tó máa gbà á lọ́jọ́ náà gan-an.

Ọwọ́ aṣọ́bodè ni ọ̀rọ̀ ti ń le, ìwé CN23 tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹrù, tí ẹ máa kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí fún aṣọ́bodè, ló sì sábà máa ń fà á. Ẹni tó kọ "ẹrù ara ẹni" sí i ti ní kí wọ́n tú páálí òun wò. Ẹ kọ ọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan: ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin tuntun méjì, iye rẹ̀, fóònù kan, iye rẹ̀. Ẹ fi rìsíìtì sínú. Kíkọ "ẹ̀bùn" sí i ò yọ owó ibodè kúrò, kíkọ iye tó kéré jù sì máa ń mú kí wọ́n fi ojú ara wọn dá iye mìíràn lé e.

Ohun tó ń dun èèyàn jù ni ẹrù tí wọ́n fìfẹ́ rà tí òfin sì kà léèwọ̀. Aṣọ àlòkù wà nínú rẹ̀, báàgì àti àpótí ìrìnnà náà. Ọṣẹ tí wọ́n dì fún títà ní ẹyọ-ẹyọ wà níbẹ̀. Paracetamol, aspirin àti oògùn multivitamin tí àwọn ọmọ máa ń rà fún ìyá wọn pàápàá wà níbẹ̀! Páwà báńkì kì í sì í wọ páálí tó máa gba òfuurufú nípasẹ̀ ìfìwéránṣẹ́, nítorí bátìrì rẹ̀ lè gbiná.

Láti ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ẹrù kékeré tí iye rẹ̀ ò ju 300 dọ́là lọ kò san owó ibodè mọ́, ìgbà mẹ́rin lọ́dún. Tó bá ju bẹ́ẹ̀, ìpele owó ibodè márùn-ún ló wà: 0, 5, 10, 20 àti 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á kó iye ọjà, owó ìrìnnà àti owó adójútòfò pọ̀ kí wọ́n tó ṣírò. Bí àròpọ̀ wọn bá jẹ́ 500 dọ́là, tí ọjà sì wà ní ìpele 20, owó ibodè jẹ́ 100. VAT, ìyẹn owó orí ọjà, 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí 600 (500 àti 100 owó ibodè) jẹ́ 45. Dọ́là 145 nìyẹn, kí owó iṣẹ́ kúríà àti àwọn owó wẹ́wẹ́ mìíràn tó wọlé.

Fún ẹrù ilé, aṣojú la fi síwájú, bí ó bá lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó tí òun gbà ti kó owó ibodè mọ́ra, kó sì dárúkọ ìlú tí òun máa já a sí. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹrù yín àti ti àjèjì jọ wà nínú kọ̀ńténà kan. Bí ẹnì kan bá kó ohun èèwọ̀ sínú tirẹ̀, gbogbo kọ̀ńténà ló máa dúró ní èbúté. Ẹ béèrè ohun tí wọn kì í gbà. Aṣojú tó bá ní òun ń gba ohun gbogbo, ẹ fi í sílẹ̀.

Dúrọ́ọ̀mù ni ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn, torí ẹyọ ni wọ́n ń gbowó rẹ̀, kì í ṣe kíló. Ó dára bí aṣojú bá máa gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Bó bá jẹ́ Èkó ni ẹ ti máa gbà á, páálí tí ẹnì kan lè dá gbé ló sàn, bíi kíló 20 sí 23, torí wéébíìlì, ìyẹn fífi ẹrù rán awakọ̀ ọkọ̀ èrò, ló kù, awakọ̀ tó ń ti Ojota tàbí Jibowu bọ̀ sì máa ń kọ dúrọ́ọ̀mù. Ẹ gba ìwé wéébíìlì, nọ́ńbà ọkọ̀ àti fóònù awakọ̀ kó tó gbéra, kẹ́ ẹ sì bi í bóyá Àkúrẹ́ ló máa gbà tàbí Ẹ̀fọ̀n, kí ẹni tó ń dúró ní gárèèjì Adó lè mọ ìgbà tó máa wọlé.

Ní ti àdírẹ́sì, ọ̀pọ̀ ilé wa ò ní nọ́ńbà. Ẹ kọ àdúgbò, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí tó wà nítòsí, kóòdù ìfìwéránṣẹ́ Èkìtì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 36, àti fóònù èèyàn méjì pẹ̀lú +234 níwájú. Ẹ kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan sára páálí, ọ̀kan sínú rẹ̀ nínú ọ̀rá, torí bébà ìta ló kọ́kọ́ máa ń ṣí bí òjò bá pa ẹrù ní gárèèjì.